Lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà Ètò Ìlera, NCDC àti Port Health: Ẹ tẹ́ ẹní òfin Kòrónà sílẹ̀, kí ẹ gbọn ún

Sí Mínísítà Ètò Ìlera fún Ìjọba Àpapọ̀,
Sí Ọ̀gá Àgbà NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà,
Sí ẹ̀yin ọ̀gá Port Health, ẹ̀ka ìlera ní gbogbo ẹnubodè wa,

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni àtúnṣe tuntun sí òfin ìlera àgbáyé, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní IHR, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n ti fẹnu kò lé e lórí ní Geneva. Àtúnṣe yìí dá ìpele ìkìlọ̀ tuntun sílẹ̀ fún àjàkálẹ̀ àrùn tó bá gba gbogbo ayé kan. Ó tún sọ pé ìwé ìlera arìnrìnàjò lè jẹ́ ti orí ẹ̀rọ tàbí ti páálí. Èyí túmọ̀ sí pé lọ́jọ́ tí àrùn mìíràn bá bẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè yóò tètè gbé òfin ìwọ̀lú jáde, àwa náà yóò sì gbé tiwa jáde. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn, nítorí mo mọ irú èyí tí a gbé jáde nígbà tó kọjá.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjọba ká òfin àyẹ̀wò Kòrónà kúrò nílẹ̀ fún àwọn tó ń wọ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ẹni ká ẹní láìgbọn ún ni wọ́n ṣe ká a. Gbogbo iyanrìn inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ tí a bá tún tẹ́ ẹ ni yóò dà sí wa lára. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ni àgbà níbí yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: n kò sọ pé kí ẹnubodè wà láìlófin. Inú bàálù ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní Nàìjíríà bá wọ Èkó ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2020. Ọjọ́ 27 oṣù náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní in, Yaba sì ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Òfin tọ́. Òfin tí ènìyàn kò lè pa mọ́ bó tilẹ̀ fẹ́ ni kò tọ́, nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀ a máa sọ ọmọlúwàbí di arúfin, àrùn náà a sì bá ẹ̀yìnkùlé wọlé.

1. Owó àyẹ̀wò tí ẹ gbà lọ́wọ́ èrò

Nígbà tí bàálù láti òkè òkun tún bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ìlànà tí èrò ní láti tẹ̀ lé rèé. Níbi tó ti ń bọ̀, yóò ṣe àyẹ̀wò PCR, èyí tí ilé àyẹ̀wò fi ń wá kòkòrò Kòrónà nínú ohun tí wọ́n gbà nímú rẹ̀. Yóò lọ sórí NITP, òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ṣí fún àwọn tó ń wọ̀lú, yóò dáhùn ìbéèrè nípa ìlera rẹ̀, yóò sì fi èsì àyẹ̀wò náà síbẹ̀. Yóò yan ilé àyẹ̀wò kan nílé níbí, yóò sanwó àyẹ̀wò kejì tí yóò ṣe ní ọjọ́ keje lẹ́yìn tó bá dé. Lẹ́yìn èyí ni òpó náà yóò tó fún un ní ìwé àṣẹ tó ní QR code. Ẹni tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ wọ bàálù, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó bá sì gbé e yóò san ìtanràn $3,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ní Èkó nígbà náà, àyẹ̀wò ọjọ́ keje yẹn ń lọ sí nǹkan bí ₦50,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí nígbà náà jẹ́ ₦30,000. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì tí wọ́n ti lé ní ọdún 10 yóò san ₦200,000 kí wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bàbá wọn, èyí tí wọ́n ná lórí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lókè òkun kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí abala 40 nínú IHR, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó wí ni pé orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ arìnrìnàjò fún àyẹ̀wò tí orílẹ̀-èdè náà fẹ́ fi mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí, kò gbọdọ̀ gbowó ìyàsọ́tọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbowó ìwé ẹ̀rí tó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ẹni tó ń wá àṣẹ láti wá gbé ìlú náà nìkan ni abala yìí yọ sílẹ̀. Níbi tí owó bá ti tọ́ láti gbà fún nǹkan mìíràn, ó fi okùn mẹ́rin so ó: iye kan ṣoṣo ni kó jẹ́, kó má ju iye tí iṣẹ́ náà ná ni gan-an, kó má yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn nítorí ìlú tó ti wá tàbí ibi tó ń gbé, kí wọ́n sì ti kéde rẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú kí wọ́n tó gbà á.

Ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀. Àyẹ̀wò ọjọ́ keje kì í ṣe ohun tí èrò bèèrè fún ara rẹ̀, ìjọba ló fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbé àrùn wọlé. Ilé àyẹ̀wò kan ń gba iye kan, èyí tó wà ní òdìkejì òpópónà ń gba òmíràn. Ẹnìkan lè wí pé ìlú ọba náà gba £210 fún àyẹ̀wò méjì ti ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹjọ. Òótọ́ ni. Àwọn náà rú òfin kan náà, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ aládùúgbò kò sọ tiwa di ìwà rere.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022, ìlànà tuntun ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò kíákíá fún èrò tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé, ní pápákọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Àyẹ̀wò yẹn kì í gbà ju ìṣẹ́jú 15 sí 30 lọ. Kò mọ àrùn tó PCR, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kòkòrò pọ̀ nímú rẹ̀ tó lè kó ran ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà ni ó máa ń mú jù, ẹni náà gan-an sì ni ẹnubodè ń wá.

Ohun tí mo fẹ́: kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí pé bí ìjọba bá pàṣẹ àyẹ̀wò lẹ́yìn ìwọ̀lú, ìjọba ni yóò sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá ní àpò kò gbé e, ẹ jáde wá sọ bí ẹ ṣe fẹ́ bá abala 40 ṣe é, kí ẹ má kàn dákẹ́. Bí ìrìnàjò ẹni tó ti sanwó bá fagilé tàbí tí ọjọ́ rẹ̀ yí padà, kí owó rẹ̀ padà sórí káàdì tó fi san án láàárín ọjọ́ 14, kó má di pé ó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, ilé àyẹ̀wò ń ní kó lọ bá òpó, òpó ń ní kó lọ bá ilé-ìfowópamọ́.

2. Wákàtí mélòó, àti láti ìgbà wo?

Wákàtí 96 ni a fi bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ó di 72 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Ó di 48 ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ni wọ́n kéde èyí tó kẹ́yìn yẹn, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún péré ṣáájú, ní àsìkò tí gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún Kérésì tán.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín. Ká ní bàálù èrò kan ń gbéra ní London ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè. Bí a bá ka wákàtí 48 sẹ́yìn, ó di aago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé. Nítorí náà, ọjọ́ Sọ́ńdè tàbí àárọ̀ Mọ́ńdè nìkan ni wọ́n lè ki ọ̀pá olówùú bọ imú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kì í ṣí ní Sọ́ńdè, àwọn tó ń ṣí a sì máa gbowó lé owó. Èsì PCR kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Ó sábà máa ń gba wákàtí 24 kí èsì tó jáde. Ká sọ pé èsì dé ní ọ̀sán Mọ́ńdè: ó ṣì ní láti gbé e sórí òpó, kó sanwó, kó dúró de QR code, kó tó wá dé orí ìlà ní pápákọ̀. Bí káàdì ilé-ìfowópamọ́ rẹ̀ bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, bàálù ti lọ. Ẹni tó lówó yóò san ìlọ́po mẹ́ta fún àyẹ̀wò tó ń jáde láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tí kò lówó ni ayédèrú èsì ń wò bí àkàrà gbígbóná. Òfin tó há jù ni ọjà àwọn tó ń ta ayédèrú.

Ìbéèrè kejì ni ibi tí aago ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé láti ìgbà tí wọ́n gba nǹkan nímú ni, àbí ìgbà tí èsì jáde? Ṣé títí dé ìgbà tí bàálù àkọ́kọ́ gbéra, àbí èyí tó kẹ́yìn? Ẹni tó ń bọ̀ láti São Paulo, tó ń gba Addis Ababa kọjá, ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí lójú ọ̀nà, aago São Paulo sì fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa. Bí òṣìṣẹ́ kan ní Addis bá ka aago láti ibẹ̀ tí ẹlòmíràn ní São Paulo kà á láti tọ̀hún, èsì kan náà yóò jẹ́ òótọ́ níbì kan, yóò sì ti bàjẹ́ níbòmíràn.

Kí òfin sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: láti ìṣẹ́jú tí wọ́n gba nǹkan nímú èrò, sí àkókò tí a kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì pé bàálù rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò gbéra, ní aago ìlú tó ti ń gbéra. Bí bàálù bá pẹ́, kì í ṣe ẹ̀bi èrò. Kí ó má sì sí àyípadà tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ọjọ́ 10 tó pé lẹ́yìn ìkéde, àfi fún ẹni tí kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Dídín wákàtí kù pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ wa: ẹni tó kó àrùn lánàá, PCR kò ní rí i lónìí, yálà wákàtí 72 lẹ fi sí i tàbí 48. Torí ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni àyẹ̀wò lẹ́yìn ìwọ̀lú ṣe wà.

3. Orúkọ wa lórí ìwé mẹ́ta

Níbí yìí ni èrò ti ń kọsẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ kò sí àrùn kankan níbẹ̀. Ìlà méjì wà nísàlẹ̀ ojú ewé tó ní fọ́tò nínú páásípọ́ọ̀tù, èyí tí ẹ̀rọ ń kà. Kò gba àmì ohùn, kò gba àmì abẹ́ lẹ́tà, orúkọ ìdílé ló sì ń ṣáájú nínú rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò lókè òkun ń fi orúkọ àbísọ ṣáájú, wọ́n sì máa ń gé orúkọ tó bá gùn. Ẹni tí páásípọ́ọ̀tù pè ní ADEOGUN OLUWASEUN AYINKE di Seun Adeogun lórí èsì. Lórí òpó, ó tún fi Olúwaṣeun síbi orúkọ ìdílé nítorí pé àpótí ibẹ̀ kò yé e. Ìwé mẹ́ta, ènìyàn mẹ́ta, ara kan ṣoṣo! Obìnrin tó ti wọlé ọkọ tún ní tirẹ̀: orúkọ bàbá nínú páásípọ́ọ̀tù, orúkọ ọkọ ní ilé ìwòsàn.

Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù méjì ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù. Ó fi nọ́ńbà ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe àyẹ̀wò nítorí òun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá fi ti Nàìjíríà kún fọ́ọ̀mù nítorí pé òun ló fẹ́ fi wọ̀lú láìgba físà. Nọ́ńbà kò bá ara wọn mu, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sì ń rántí $3,500. Bí ẹ bá wà nípò rẹ̀, ṣé ẹ ó jẹ́ kó wọlé?

Ọjọ́ ìbí ńkọ́? 05/07 jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ní Ìbàdàn àti ní London; ní Houston, ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún ni. Yellow card, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ti yanjú èyí láti ọjọ́ pípẹ́: ọjọ́ ní nọ́ńbà, oṣù ní lẹ́tà, ọdún ní nọ́ńbà. Kí ló dé tí fọ́ọ̀mù orí ẹ̀rọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Kí nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù pẹ̀lú ọjọ́ ìbí jẹ́ ohun tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀, kì í ṣe bí orúkọ ṣe tò. Kí àyè wà fún nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù kejì. Kí èrò lè tún àṣìkọ ṣe láìtún owó san. Kí ẹ sì kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú pé orúkọ tó yí ipò kì í ṣe ìdí láti dá ènìyàn padà. Mo fẹ́ fi kún un pé Immigration ti ní fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Bí ìbéèrè ìlera bá tún pọn dandan lọ́la, inú ibẹ̀ ni kí ẹ fi sí. Ẹ má kọ́ òpó mìíràn tí yóò tún bi ènìyàn léèrè orúkọ ìyá rẹ̀.

4. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá

Èyí kò gùn. PCR a máa rí èérún kòkòrò tó ti kú nímú ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá, nígbà mìíràn ó lè súnmọ́ oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Òfin tó bá sọ pé “kò sí èsì mímọ́, kò sí bàálù” ti sé ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ òkè òkun, kódà bó jẹ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀ ló ń bọ̀ wá ṣe. Kí ọ̀nà wà fún un: èsì àkọ́kọ́ tó fi hàn pé ó ní àrùn, tó ti lé ní ọjọ́ 11 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọjọ́ 90, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà tó ní ọjọ́ àti nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ nínú. Iye ọjọ́ yóò yàtọ̀ bí àrùn bá yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ yín yóò fi iye tó yẹ sí i, ṣùgbọ́n kí àpótí rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù láti ọjọ́ kìíní.

5. Ọjọ́ keje, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù lójú ọjà, àti ₦200

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2021, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ yàn lórí Kòrónà kéde pé àwọn ń tẹ nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù èrò 100 tí wọn kò ṣe àyẹ̀wò ọjọ́ keje síta, àti pé wọn kò gbọdọ̀ rìnrìnàjò títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n kéde èrò 90 tó sá fún ìyàsọ́tọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti Brazil, India àti Turkey dé, bí ẹni ń wá ọ̀daràn.

Kí a tó dá wọn lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ keje ṣe máa ń rí. Èrò balẹ̀ ní Ìkẹjà, ilé àyẹ̀wò tó yàn nígbà tó ń sanwó wà ní Ìkẹjà. Lọ́jọ́ kejì, ó gba Adó-Èkìtì lọ. Ọjọ́ keje bọ́ sí Sátidé ìnáwó tó tìtorí rẹ̀ wálé. Kó tó padà sí Ìkẹjà lọ ṣe àyẹ̀wò, owó mọ́tò, ọjọ́ kan tó ṣòfò, àti ọ̀nà tí ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Ilé àyẹ̀wò tó wà ní Èkìtì kò lè lo owó tó ti san ní Ìkẹjà. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, síìmù tuntun ló ń lò, nọ́ńbà tó wà lórí fọ́ọ̀mù sì wà lókè òkun. Nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, mélòó ni olóríkunkun gan-an?

Ọgbọ́n tó wà nídìí ọjọ́ keje kì í ṣe tèké. Irú Kòrónà àkọ́kọ́ a máa gba nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lára kó tó farahàn, nígbà mìíràn títí dé ọjọ́ 14. Omicron, irú tó dé lẹ́yìn rẹ̀, dín in kù sí nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Kí Omicron tó dé pàápàá, ọjọ́ kejì ti rọ́pò ọjọ́ keje fún àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́ nínú ìlànà ti oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ló wọ́.

Nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù tí wọ́n tẹ̀ síta ńkọ́? Abala 45 nínú IHR ní kí ọ̀rọ̀ ìlera arìnrìnàjò jẹ́ ohun àṣírí. Nàìjíríà ní ìlànà ààbò dátà láti ọdún 2019, ó sì ti di òfin gidi ní 2023. Nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù ni oníjìbìtì ń wá kiri. Ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún wọn.

Àwáwí tí mo ń gbọ́ ni pé kò sí ohun mìíràn tí ìjọba lè fi dẹ́rù bà wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni àìbìkítà wà. Òfin ìyàsọ́tọ̀ tí a gbé lé lórí jẹ́ ti ọdún 1926, láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìyà tó wà nínú rẹ̀ ni ìtanràn ₦200, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. ₦200 kò ra odindi búrẹ́dì kan. Láàárín ₦200 àti ẹ̀wọ̀n, kò sí ìyà kan tó bá ẹ̀ṣẹ̀ dọ́gba, ni wọ́n bá lọ wá ìtìjú.

Ẹ gbé àtúnṣe òfin náà lọ síwájú Ilé Aṣòfin, pẹ̀lú ìtanràn tó mọ́gbọ́n dání, àti ẹ̀tọ́ èrò láti ṣàlàyé ara rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ lé páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Kí ilé àyẹ̀wò èyíkéyìí tí ìjọba fọwọ́ sí ní ìpínlẹ̀ èyíkéyìí lè fi QR code kan náà ṣe àyẹ̀wò. Kí fọ́ọ̀mù gba nọ́ńbà ẹbí kan nílé. Kí a má tún tẹ nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù ẹnikẹ́ni síta mọ́.

6. Ẹnubodè ilẹ̀

Gbogbo ìlànà tí mo ti kà sókè, ẹni tó ń wọ bàálù ló wà fún. Wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Ìdìròkó dúró di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ìyálọ́jà tó ń lọ láti Badagry sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin kò ní nọ́ńbà bàálù tí yóò fi kún fọ́ọ̀mù, owó PCR sì lè ju èrè ọjà rẹ̀ fún odindi oṣù lọ. Ará Kétu ti Benin àti ará Ìmẹ̀kọ tiwa níhìn-ín ń fẹ́ ara wọn sílé. Ààlà yẹn kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún méjì. Bí ẹ bá béèrè ohun tí wọn kò lè ní lójú ọ̀nà gbangba, ipa ọ̀nà inú igbó kò lóǹkà, òṣìṣẹ́ ìlera kò sì sí níbẹ̀.

Àyẹ̀wò kíákíá lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ ọjà, káàdì páálí tó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méje, àti àdéhùn pẹ̀lú Benin àti Togo pé èsì ti apá kan tó fún apá kejì. Ìyẹn tó.

7. Ìwé tí ẹ̀yin náà ń fún wa

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà lórí yellow card, wọ́n ní kì í ṣe ojúlówó. A dá tiwọn náà padà, wọ́n wá tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n àforíjì kò pa ìbéèrè náà rẹ́: báwo ni òṣìṣẹ́ ìlú mìíràn ṣe lè mọ ojúlówó wa?

Ẹ wo ohun tó ń sọ yellow card di asán gẹ́gẹ́ bí òfin: àyè kan tí wọ́n fi sílẹ̀ láìkún, ọ̀rọ̀ tí wọ́n pa rẹ́ tàbí tí wọ́n kọ lé, òǹtẹ̀ tí wọ́n lù dípò ìfọwọ́sí dókítà, nọ́ńbà ìdìpọ̀ oògùn tí kò sí níbẹ̀, káàdì kan tí wọ́n kọ orúkọ ìyá àtọmọ sí papọ̀. Káàdì kì í ṣiṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí a ti gba abẹ́rẹ́, nítorí náà ẹni tó gbà á lọ́nà pápákọ̀ kò tíì ní ohunkóhun. Ìdá márùn-ún abẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń fún ènìyàn bí oògùn bá ṣọ̀wọ́n nígbà tí ibà pọ́njú bá bẹ́, kò tó fún káàdì ìrìnàjò. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún ọjọ́ ayé. Ẹni tí káàdì rẹ̀ àtijọ́ ní “ọdún 10” kò nílò òmíràn, kò sì gbọdọ̀ fi báírò pa á rẹ́. Ẹ lẹ gbogbo èyí mọ́ ògiri ibi tí ẹ ti ń gún un, ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wá gbà á kò mọ̀.

Nísinsìnyí tí òfin ti fàyè gba ìwé orí ẹ̀rọ, ẹ má sọ fóònù di dandan. Ìyá àgbà tó ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Peckham lè gbé páálí dání, QR code sì lè wà lórí páálí.

Mo rántí ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2021, tí ìlú ọba fi Nàìjíríà sínú ìwé pupa, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n ń dá èrò wọn dúró, nítorí Omicron. Àwọn ará ìlú wọn tó ti ọ̀dọ̀ wa bọ̀ san £2,285 fún òtẹ́ẹ̀lì ìyàsọ́tọ̀, tiwa tí kò ní àṣẹ láti gbé níbẹ̀ kò tilẹ̀ lè wọlé. Ọjọ́ 15 oṣù náà ni wọ́n yọ wá. Ìwà àìtọ́ ni, aṣojú wa ní London sì sọ ọ́ láìfi bò. Àmọ́ ohun tí ìjọba tiwa fi fèsì ni pé a óò fi ìlú ọba, Canada àti Saudi Arabia sínú ìwé pupa tiwa. Ẹ dákun, kòkòrò wo nìyẹn ń dá dúró? Abala 43 ní kí òfin tó bá le ju ti Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ dúró lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí Àjọ náà mọ̀ láàárín wákàtí 48. Bí a bá fẹ́ fi abala yẹn mú wọn, a kò gbọdọ̀ máa fi ìbínú ṣe tiwa.

Lórí kókó 1 àti kókó 5, mo bẹ̀ yín pé kí èsì wá ní kíkọ, kó sì wà níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á: ta ni yóò sanwó àyẹ̀wò, ọjọ́ wo sì ni òfin ọdún 1926 ń lọ sí Ilé Aṣòfin. Kókó 2, 3 àti 4 kò gba ju ojú ewé méjì lọ. Òṣìṣẹ́ yín mẹ́ta lè kọ ọ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti ẹnubodè ilẹ̀ gba ìjókòó pẹ̀lú àwọn ará Cotonou àti Lomé, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Ti ìwé ara ògiri, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Ẹnìkan tó ń bá èrò tọ́jú ìwé ìrìnnà